Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ subclass tuntun fún D&D tí kò ní gba géèmù mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́

Nínú ẹgbẹ́ tá a jọ ń gbá D&D ní ọjọ́ Sátidé (Dungeons & Dragons, géèmù orí tábìlì tí a fi ń jọ sọ ìtàn, tí dáìsì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀), ẹnì kan wà tó sọ pé òun fẹ́ jẹ́ asunrárà. Kì í ṣe bard, olórin inú géèmù, tó ń ta gìtá kiri o, asunrárà gidi, irú àwọn tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà òde ìnáwó, tí wọ́n bá ti rí ẹ báyìí wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ, orí ẹ á wú, o ò ní mọ ìgbà tí ọwọ́ ẹ wọ àpò. Kíláàsì ni irú iṣẹ́ tí ẹ̀dá ìtàn ń ṣe, bíi bard, subclass sì ni ẹ̀ka abẹ́ ẹ̀. Mo wo gbogbo subclass bard tó wà nínú àwọn ìwé tá a ní, kò sí èyí tó ṣe é. Èmi ni DM, èmi ni mò ń darí ìtàn, mo bá ní kó fọkàn balẹ̀, màá kọ ọ́ fún un. Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ ọ́. Ìjà àkọ́kọ́ tá a ti lò ó, ìjà tí mo ti gbèrò pé á gbà wá ní odindi wákàtí kan, ráùńdì méjì ló parí, àwọn mẹ́ta tó kù kàn jókòó wọ́n ń wò mí, kò sí ohun tí wọ́n ṣe tó já mọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un kọ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé aṣọ lẹ fẹ́ pààrọ̀ àbí ara? Ọ̀pọ̀ ìgbà aṣọ ni. Ẹnì kan lè ní òun fẹ́ jagunjagun tó ń fi àdá jà, ìyẹn ò gba kíláàsì tuntun, ẹ fún un ní scimitar tó wà nínú ìwé, d6 ni, ìyẹn dáìsì ojú mẹ́fà, ẹ máa pè é ní àdá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹlòmíì fẹ́ oṣó tí iná ẹ̀ máa ń jó bí àwọ̀ ewé, ẹ jẹ́ kó máa ṣàpèjúwe ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí Fireball, idán iná inú ìwé, ṣì jẹ́ 8d6, ìyẹn d6 mẹ́jọ. Ìgbà tí ẹni náà bá fẹ́ ṣe ohun kan nígbà tó bá kàn án, tí kò sí kíláàsì kankan tó gbà á láyè láti ṣe é, ìgbà yẹn lẹ tó lè máa wá bíírò. Tó bá dé ibẹ̀ náà, ẹ má sáré lọ kọ odindi kíláàsì. Ìpele 20 nìyẹn, pẹ̀lú hit die (dáìsì ẹ̀mí), saving throw (dáìsì tí wọ́n ń jù láti bọ́ lọ́wọ́ ewu), ohun ìjà, ìhámọ́ra, gbogbo ẹ̀, kí ẹ tó parí ẹ̀ ẹni tó ní òun fẹ́ ẹ ti lọ ṣe nǹkan míì. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun gan-an kì í dédé ṣe é. Kíláàsì 12 ló wà nínú ìwé òfin géèmù tó jáde ní 2014, látìgbà yẹn títí ìwé tuntun fi dé ní 2024, artificer (oníṣẹ́ ọnà idán) nìkan ni odindi kíláàsì tí wọ́n fi kún un, 2019 nìyẹn, subclass ni wọ́n ń kọ ṣáá. Ìwé 2024 ní 48 nínú, mẹ́rin mẹ́rin fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn kan wà tó ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ìṣirò tí màá ṣe nísàlẹ̀ lọ. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé géèmù yìí jáde ní 1974, kíláàsì mẹ́ta péré ló wà, ajagun, oṣó àti àlùfáà. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n dẹ pańpẹ́ sí, gbogbo yín lẹ máa jọ rò ó, ẹnì kan á ní òun á fi igi gún ilẹ̀ wò, ẹnì kan á ní kí wọ́n da omi síbẹ̀ kóun rí ibi tó ń gbà jò, DM á gbọ́, á ní ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ní 1975 ni thief (olè) wọlé, inú ìwé àfikún tí wọ́n pè ní Greyhawk ni, wọ́n wá kọ nọ́ńbà sí i, ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún láti ṣí àgádágodo, ìdá báyìí láti tú pańpẹ́, láti yọ́ rìn, láti fara pa mọ́ sínú òjìji. Kíláàsì tó dáa ni, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ títí dòní. Àmọ́ bó ṣe di pé ẹnì kan ní nọ́ńbà fún un, lórí ọ̀pọ̀ tábìlì àwọn tó kù gbà pé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn mọ́ nìyẹn. Ajagun tó ń yọ́ rìn lánàá, lónìí wọ́n ní kó dúró kí thief lọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o, fífún tí wọ́n fún ẹnì kan ló gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Torí náà, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ wo àyíká tábìlì yín kẹ́ ẹ bi í pé ta ló ti ń ṣe èyí tẹ́lẹ̀ láìsí nọ́ńbà. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ní asunrárà lè wo ilà ojú èèyàn kó mọ ìlú tó ti wá lójú ẹsẹ̀. Ó dùn létí. Mi ò rántí pé ẹni tó ń ṣe wizard (oṣó) wa ló máa ń bi mí ní irú ìbéèrè yẹn látọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀, á ju dáìsì fún History ẹ̀ (ìmọ̀ ìtàn), á kó ìwé ẹ̀ jáde, ohun tó fẹ́ràn jù nínú géèmù nìyẹn, mo sì ti gbà á fún ẹlòmíì láìbi í. Mo yọ ọ́ kúrò.

Àṣìṣe tó parí ìjà yẹn ní ráùńdì méjì yàtọ̀. Mo kọ ọ́ pé tí asunrárà bá ki ẹgbẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn á ní advantage lórí gbogbo ìkọlù títí ìjà á fi parí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ nílò 11 sókè lórí d20, dáìsì ojú ogún, kí ìkọlù yín tó bá ọ̀tá, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Advantage ni pé kẹ́ ẹ ju dáìsì méjì kẹ́ ẹ mú èyí tó ga, ìyẹn sọ ọ́ di 75. Èèyàn mẹ́rin tí kálukú ń kọlù lẹ́ẹ̀kan, méjì ló máa ń bá tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́ta. Kí mẹ́ta tó lè bá láìsí advantage, èèyàn mẹ́fà lẹ nílò. Ìyẹn ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo kọ ti fi ajagun méjì kún wa, tí ọ̀tá ò lè rí, tí ọ̀tá ò lè pa.

Ọ̀nà tí mo ń gbà báyìí ni pé mo máa ń wá ohun tó jọ ọ́ jù nínú ìwé, màá gbé wọn síra kí n tó kọ nǹkan kan. Fún ẹni tó fẹ́ ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, Bless ni. Idán ìpele kìíní, èèyàn mẹ́ta, d4 lórí ìkọlù àti saving throw, ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n bá já concentration ẹ̀ (ìfọkànsí tó gbé idán náà ró) gbà ó ti tán. Ìpíndọ́gba d4 jẹ́ 2.5, ojú kan lórí d20 jẹ́ ìdá 5, nítorí náà nǹkan bí ìdá 12.5 ló ń fi kún un. Tí subclass yín bá ń ṣe iṣẹ́ Bless ju Bless fúnra ẹ̀ lọ, tí kò sì ná spell slot (iye idán tẹ́ ẹ lè pa kẹ́ ẹ tó sinmi), tí kò ní concentration, ẹ ti mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, ẹ ò nílò kí ìjà bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìṣirò pa yín o, torí àwọn ìwé gan-an ò bára dọ́gba. Ẹ wo fighter (ajagun) 2014 àti méjì nínú àwọn subclass ẹ̀, Champion àti Battle Master. Champion máa ń rí critical (ìkọlù tó ń sọ dáìsì ohun ìjà di ìlọ́po méjì) lórí 19 àti 20, tó bá ń lo greatsword, 2d6 tí ìpíndọ́gba ẹ̀ jẹ́ 7, ohun tí 19 yẹn fi kún ìkọlù kọ̀ọ̀kan ò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti 7 yẹn, ìyẹn 0.35. Battle Master ní d8 mẹ́rin tó ń padà lẹ́yìn short rest (ìsinmi kúkúrú), ìpíndọ́gba gbogbo ẹ̀ jẹ́ 18, ká má tíì sọ ti pé ó lè fi gbé èèyàn ṣubú tàbí kó já ohun ìjà gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Champion máa kọlù ju ìgbà 50 lọ kó tó bá 18 yẹn. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń fi Champion ṣeré, wọ́n ń gbádùn ẹ̀, torí kò gba ìrònú púpọ̀, ó sì wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá ti bọ́ sáàárín èyí tó rọlẹ̀ jù àti èyí tó lágbára jù nínú kíláàsì kan náà, ó ti tó.

Tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bard, torí ìpele mẹ́ta péré ni subclass ẹ̀ ti ń fúnni ní nǹkan: 3, 6 àti 14. Fighter, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni, 3, 7, 10, 15, 18. Rogue (olè), 3, 9, 13, 17, ẹ sì wo àlàfo tó wà láàárín 3 àti 9 yẹn, ìpele mẹ́fà gbáko tí ẹni náà á fi máa lo ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fún un, tí ohun yẹn ò bá dùn á sú u. Èyí tó bá dùn jù, ìpele 3 ni kẹ́ ẹ fi sí. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ de 14, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á ti túká kí wọ́n tó débẹ̀.

Ohun kejì, ẹ má dá pọ́ìntì tuntun sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni, èmi náà dá a sílẹ̀, mo pè é ní Pọ́ìntì Ìwúrí, ẹni tó ń lò ó ń ka Inspiration lọ́tọ̀, spell slot lọ́tọ̀, Ìwúrí lọ́tọ̀, tó bá kàn án gbogbo wa á jókòó máa dúró dè é. Bard ti ní Bardic Inspiration tẹ́lẹ̀, dáìsì tó máa ń fún ẹlòmíì kó fi kún tiẹ̀: bonus action (ìṣe kékeré tẹ́ ẹ lè fi kún ìṣe yín), ẹni tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 60, d6 ní ìbẹ̀rẹ̀, d8 ní ìpele 5, d10 ní 10, d12 ní 15, iye ìgbà tẹ́ ẹ lè lò ó jẹ́ iye Charisma modifier yín (nọ́ńbà tó ń fi hàn bẹ́ ẹ ṣe ń wu èèyàn tó). Long rest (ìsinmi gígùn) ló ń dá a padà, láti ìpele 5 short rest náà lè dá a padà. Ohun tí oríkì ń ṣe gan-an kọ́ nìyẹn? Ẹ fi tiyín so mọ́ ọn.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa báyìí nìyí, ìlànà ìwé 2024 la fi kọ ọ́, ẹ lè mú un lò bó ṣe wà:

Ìpele 3, Oríkì Kì í Dá Wú. Tẹ́ ẹ bá fún ẹnì kan ní Bardic Inspiration, ẹ sọ ohun kan tí ẹ̀dá ìtàn ẹ̀ ti ṣe rí nínú géèmù yìí tó yẹ fún ìyìn. Tí dáìsì yẹn bá sọ ìkùnà ẹ̀ di àṣeyọrí, ẹ mú ẹlòmíì kan tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30 sí i, ẹni náà gba temporary hit points (ẹ̀mí àfikún fún ìgbà díẹ̀) tó jẹ́ iye tó jáde lórí dáìsì náà.

Ìpele 6, Ọmọ Ta Ni Ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ lè bi DM ní ọ̀kan nínú ìbéèrè méjì: kí ló máa ń mú orí ẹni yìí wú, tàbí ta ni kò fẹ́ kí ojú tì òun níwájú ẹ̀? DM gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín long rest kan sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó sí i, ẹ ná Bardic Inspiration kan.

Ìpele 14, Má Kú Mọ́ Wa Lójú. Tí ẹni tó ń gbọ́ ohùn yín láàárín ẹsẹ̀ bàtà 60 bá máa ṣubú sí 0 hit point, tí kò sì kú pátápátá, ẹ lè fi reaction (ìṣe tẹ́ ẹ lè ṣe nígbà tí kò kàn yín) ná Bardic Inspiration kan, ẹ pe oríkì ẹ̀, á dúró sórí 1. Ẹ̀ẹ̀kan, ó di lẹ́yìn long rest.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ìdí tó fi rí báyìí. Ìpele 3 yẹn ní apá kan tí mo yọ: mo ti kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n kì á ní advantage lórí saving throw tó bá jẹ́ ti ẹ̀rù, torí oríkì máa ń lé ojo lára èèyàn lóòótọ́. Ó bá ọ̀rọ̀ mu, àmọ́ gbogbo bard ló máa ní Countercharm ní ìpele 7, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, mo kàn ń ta ohun tí kíláàsì ti ní fún un lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹ máa ka odindi kíláàsì kẹ́ ẹ tó kọ subclass ẹ̀, títí dé 20. Ìpele 14 yẹn, Relentless Endurance tí orc, ẹ̀yà kan nínú géèmù, ní ni mo fi wọ̀n ọ́n: orc ní in láti ìpele 1, ara ẹ̀ nìkan ló lè fi gbà là, tiwa jẹ́ ti ẹlòmíì, ó dé ní 14, ó sì ná dáìsì, ó bá a mu. Ìbéèrè ti ìpele 6 ò gba nǹkan lọ́wọ́ wizard wa, torí ìwé ìtàn ò lè sọ ohun tó ń mú orí èèyàn wú fún un, ẹnu ẹni náà lẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ò ní nọ́ńbà kankan nínú. Pé kẹ́ ẹ sọ ohun tí ẹni yẹn ti ṣe rí. Ẹni tó ń ṣe asunrárà wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú bírò wá, tí ẹnì kan bá ṣe nǹkan tó wuyì á kọ ọ́ sílẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ á fi kì í. Ó rántí ìgbà tí rogue wa dúró sẹ́yìn nínú ihò kí àwa tó kù lè sá, èmi tí mò ń darí ìtàn ti gbàgbé. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọrin o, ẹlòmíì a máa tijú, gbólóhùn kan bí ẹní ń sọ̀rọ̀ ti tó. Tẹ́ ẹ bá lè kọ ohun kan tó máa mú kí ẹni tó ń lò ó máa wo àwọn tó kù, kó máa fetí sí wọn nígbà tí kò kàn án, ẹ ti kọ subclass tó dáa, tí nọ́ńbà ẹ̀ bá tiẹ̀ kéré díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ dán an wò kó tó wọ inú ìtàn yín gidi. Mo máa ń ṣe ìjà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀tá ńlá kan ṣoṣo, ọ̀kan pẹ̀lú àwọn kéékèèké tó pọ̀, torí nǹkan lè má lágbára níwájú ẹnì kan kó wá di ìparun níwájú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà a ṣe ọjọ́ kan tí kò sí ìjà rárá. Mo máa ń wo aago nígbà tó bá kan ẹni tó ní subclass náà, tó bá ń pẹ́ ju ti àwọn tó kù lọ lọ́nà méjì, ohun tí mo kọ ti lọ́jú jù. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ní in ni mò ń bi, inú tiẹ̀ máa ń dùn ni. Àwọn tó jókòó tì í ni mò ń bi pé ìgbà wo lẹ rò pé ẹ ò wúlò lónìí.

Multiclass, ìyẹn kí ẹnì kan mú kíláàsì ju ọ̀kan lọ, ńkọ́? Ẹ̀yin náà á rí i pé ìwé 2024 ti kó gbogbo subclass lọ sí ìpele 3. Ní 2014, cleric, sorcerer àti warlock ti ń mú tiwọn ní ìpele 1. Nígbà tí Hexblade, subclass warlock kan, dé ní 2017, ìpele warlock kan ṣoṣo ti tó láti máa fi Charisma kọlù, pẹ̀lú asà àti ìhámọ́ra, ni àwọn paladin (ajagun ẹlẹ́sìn) bá ń yà síbẹ̀ gba tiwọn kí wọ́n padà sílé. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń lo ìlànà 2014, ẹ má kó gbogbo dídùn sí ìpele 1.

Ẹ jẹ́ n mẹ́nu kan ibi tá a ti ń mú nǹkan, torí mo rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe é. Rárà, ìnáwó àti ọjọ́ ayọ̀ la ti ń gbọ́ ọ, ó rọrùn fún mi láti mú un wọ géèmù. Ìjálá jẹ́ ti àwọn ọdẹ àti Ògún, ẹ̀sà jẹ́ ti egúngún, Ifá ní odù 256, àwọn tó ń bọ wọ́n wà láàyè lónìí, ní Ìbàdàn, ní Bahia, ní Havana. Mi ò ní sọ odù Ifá di tábìlì d20, kí ẹnì kan ju 1 kí wọ́n ní babaláwo ṣàṣìṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n bi kó tó kọ ọ́.

Fún tábìlì yín, ẹ ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á tàbí kẹ́ ẹ fún gbogbo èèyàn, SRD 5.1, apá ìlànà géèmù yìí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ti wà lábẹ́ Creative Commons CC-BY-4.0 láti January 2023, SRD 5.2 tó tẹ̀ lé ìwé tuntun dé ní 2025 lábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà. Ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ lè mú, tẹ́ ẹ bá ti kọ gbólóhùn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ láti fi hàn pé ọwọ́ wọn lẹ ti mú un. Subclass kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ti bard ni College of Lore, nítorí náà ẹ má da ọ̀rọ̀ College míì kọ látinú ìwé tẹ́ ẹ rà.

Ẹ kọ déètì sórí tiyín, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń lò ó láti ọjọ́ kìíní pé ó lè yí, kó má bàa dà bíi pé ẹ ń fìyà jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ bá gé e kù. Tiwa ti dé ìpele 9 báyìí, ẹ̀dà kẹrin ni. Ti ìpele 14, ìjà àdánwò nìkan la tíì lò ó, mo ṣì ń rò ó bóyá ẹsẹ̀ bàtà 60 yẹn ò jìnnà jù.